Ibi Tí Alákòóso Ń Tọ̀ Sí

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìwà ìkà lójúkojú, ẹ wá wo alágbàfọ̀ tó di ológbò lọ́rùn mú, tó ń fi imú rẹ̀ nulẹ̀ níbi tó tọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mò ń wí. Ọdún méjì ló fi jù mí, ṣùgbọ́n n kò ní pè é ní "wọn" nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ohun tó ṣe kò jọ ti àgbà.

Àwa méjèèjì la jọ ń ṣiṣẹ́ alágbàfọ̀ ní ìsàlẹ̀ ilé wa. Òun ló ń fọṣọ, èmi ni mò ń lọṣọ. Màmá wa ń gbé lókè. Láti ìgbà tí Bàbá ti kú, ọ̀rọ̀ wọn pẹ̀lú wa kì í kọjá "ẹ kú iṣẹ́" àti "mo ti yó." Ológbò nìkan ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ gidi. Àwọn ni wọ́n sọ ọ́ ní Alákòóso, torí pé orí páálí ọṣẹ ló máa ń jókòó sí, tí á máa wo iṣẹ́ wa bí ẹni tó ń wá ẹni tó máa lé lọ. Láàárọ̀, bí Màmá bá ń bá a sọ̀rọ̀, a máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn ní ìsàlẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí a ń kó aṣọ àwọn oníbàárà sí, ni Alákòóso ń tọ̀ sí. Lọ́jọ́ tó tọ̀ sórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ọkọ ìyàwó kan fẹ́ wọ̀, ẹ̀gbọ́n mi fi ìkọ́ aṣọ nà án, ó sì búra pé bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá tún tutù kí Sátidé tó pé, òun á gbé e fún awakọ̀ tó ń kó ẹrù lọ sí ìlú mìíràn. Mo bi í pé ta ni Màmá á wá máa bá sọ̀rọ̀. Ó ní ènìyàn kò tán nílé.

Inú bí mi débi pé mo gbé iṣẹ́ jù sílẹ̀, mo gbé Alákòóso sínú apẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Obìnrin náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ara rẹ̀ le. Ó bi mí níbi tí abọ́ yẹ̀pẹ̀ tí a gbé kalẹ̀ fún ìtọ̀ rẹ̀ wà. Mo ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ ni. Ó bi mí bóyá èmi lè jókòó ṣe tèmi níbi tí nǹkan ti ń gbọ̀n rìrì létí mi. Ó ní ológbò tí a bá nà kì í mọ ibi tó yẹ kó tọ̀ sí. Ẹni tó nà án ló máa ń mọ̀, á sì máa sá fún un. Ó wá bi mí ohun tí a fi ń nu ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yẹn.

Mo gbáyà sókè. Mo ní bílíìṣì ni, omi líle tí a fi ń bọ́ àbàwọ́n lára aṣọ funfun, àti pé èmi fúnra mi ni mò ń dà á síbẹ̀ láràárọ̀. Kí ni alágbàfọ̀ tún fi ń nu nǹkan?

Ó ní, "Ní imú ọ̀pọ̀ ológbò, òórùn yẹn jọ ti ìtọ̀ ológbò mìíràn. Ẹ̀yin lẹ̀ ń pè é wá síbẹ̀."

Ojú tì mí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń bú ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà sì ni mò ń ránṣẹ́ pe ológbò sídìí aṣọ.

Mo délé, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi, ó ní òun ti gbọ́. Mo fi omi ọṣẹ lásán fọ ilẹ̀ náà títí òórùn bílíìṣì fi lọ. Mo gbé abọ́ yẹ̀pẹ̀ lọ sábẹ́ àtẹ̀gùn, níbi tí ariwo kò ti sí. Nígbàkígbà tí Alákòóso bá lò ó, mo máa ń yìn ín, mo máa ń fún un ní ẹja díẹ̀. Ọjọ́ Túsìdé, ilẹ̀ gbẹ. Wẹ́sìdé gbẹ, Tọ́sìdé gbẹ.

Láàárọ̀ Fúráìdé, mo tètè sọ̀kalẹ̀ torí aṣọ tó wà nílẹ̀ fún lílọ̀ pọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo bá lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó lóṣòó, ó ń da bílíìṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

"Bùrọ̀dá, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Ó kọ́kọ́ ní òun ń tún ilẹ̀ ṣe ni. Mo ní irọ́ ni. Ohùn mi gba gbogbo ilé kan: mo ní òdájú ni, mo ní ó ń dẹ pàkúté fún ẹranko tí kò lè fẹnu ara rẹ̀ rojọ́. Ó dìde, ìgò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni mò ń bọ́ Màmá," ó ní. "Èmi ni mò ń ra oògùn wọn. Láti ìgbà tí Bàbá ti lọ, wọn ò pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan. Ológbò ni wọ́n ń bá rẹ́rìn-ín."

Ẹnu yà mí. Odindi àgbàlagbà ló ń bá ológbò jowú. Mo fẹ́ sọ ọ́ sí i lójú gan-an ni mo rí Màmá lórí àtẹ̀gùn, tí wọ́n gbé Alákòóso mọ́ àyà. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n máa bínú sí. Mo tiẹ̀ sún sẹ́yìn díẹ̀ kí wọ́n lè rí i dáadáa. Àmọ́ àwa méjèèjì ni wọ́n ń wò.

"O gbé ológbò lọ sọ́dọ̀ dókítà," wọ́n sọ fún mi, "kí o lè mọ ìdí tó fi ń ṣe bó ṣe ń ṣe. O ṣeun. Láti ìgbà tí bàbá yín ti kú, èmi náà ń ṣe bí mo ṣe ń ṣe. Ta ló bi mí nídìí ẹ̀?"

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ kún ibẹ̀: pé iṣẹ́ pọ̀, pé èmi ni mò ń gbé oúnjẹ gòkè lójoojúmọ́, pé mo rò pé wọ́n fẹ́ sinmi ni. Kò sí ìbéèrè kankan nínú wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ìgò sílẹ̀. Ó lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀ pátápátá, ó gbójú sókè wò wọ́n.

"Màmá," ó ní, "kí ló dé?"

Èmi tí mo mọ ìdí tí ológbò fi ń tọ̀ síbi tó ń tọ̀ sí, èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ bi wọ́n.