Agbowó-orí Wá Tọrọ Ìyàwó

Ìmọ̀ owó-orí ni mo kọ́ jáde ní yunifásítì ní ọdún 1989. Àwọn olùkọ́ wa ti fi dá wa lójú pé iṣẹ́ yóò máa lé wa kiri. Iṣẹ́ kankan kò lé mi. Àwọn èèyàn ni wọ́n ń sá fún mi. Bí mo bá yà sí ọjà Wúsè láti kí Ràdíátù ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń taṣọ níbẹ̀ á ti máa ṣàròyé pé ọjà kò tà, kí n tó kí ẹnikẹ́ni.

Èmi àti Ràdíátù fẹ́ fẹ́ra wa. Bàbá rẹ̀, Àlájì Sùlàímọ́nù, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà kí àwọn èèyàn mi wá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bí ọjọ́ náà bá bàjẹ́, ó ti ní ọkùnrin kan tó ń ta símẹ́ǹtì ní Kwali nílẹ̀ fún un.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Bàbá Àjíṣafẹ́, wá láti Ìlọrin. Gbogbo wa la mọ bí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ṣe máa ń rí: ilé ìyàwó á kó gbogbo ohun tí wọ́n ní síta, wọ́n á tún yá ti aládùúgbò mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wọ pálọ̀ Àlájì ní Gáríkì, ẹní nìkan ló wà nílẹ̀. Ojú ibì kan lára ògiri mọ́ ju ibi yòókù lọ, ó ga tó fíríìjì. Àlájì fúnra rẹ̀ wọ bùbá tó ya léjìká, ìyàwó rẹ̀ sì fi ife oníke gbé omi wá fún wa. Mo wo ògiri, mo wo bùbá, ó yé mi. Nítorí tèmi ni wọ́n ṣe kó ẹrù pamọ́.

"Àlájì, ṣé kò sí o? Àbí olè ló jà yín?" Bàbá Àjíṣafẹ́ béèrè.

"Ọjà ni kò tà," ni Àlájì dáhùn, èmi ló sì ń wò. "Agbára káká la fi ń jẹun."

Bàbá Àjíṣafẹ́ yíjú sí mi, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Àtàndá, gbogbo ìdílé yìí lo fẹ́ máa bọ́?"

Ojú Àlájì pọ́n. Ó lè fara da kí ìjọba rò pé òun kò ní. Kí ará Ìlọrin rò bẹ́ẹ̀, ìyẹn ti pọ̀jù. Ó dìde, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá.

"Ẹ wá fojú yín rí i, ẹ̀yin àgbà. Ìwọ, kọjú sí ògiri."

Mo kọjú sí ògiri. Mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá mi láti inú yàrá: "Fíríìjì rèé. Tẹlifíṣọ̀n. Ẹ̀n-ẹ́n. Léésì tó kan àjà báyìí ńkọ́?"

Nígbà tí wọ́n jáde, Àlájì ń làágùn. "Ọ́fíìsì wo lo wà gan-an? Jẹ́ kí n mọ ọ̀gá tí n ó lọ bẹ̀."

"N kò tíì ríṣẹ́, sà."

"Kí lo wí?"

"Mo ti kọ̀wé síbi púpọ̀. Kò sẹ́ni tó dáhùn."

Ó wò mí, ó wo bùbá ara rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n kó àga jáde. Ìgbà tó jókòó tán ni ẹ̀rín náà gbẹ lójú rẹ̀. "Tí o kò bá níṣẹ́, kí lo fẹ́ fi fẹ́ ọmọ mi? Ẹni ti Kwali ń ta símẹ́ǹtì."

Ràdíátù ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn láti àárọ̀, nínú ògbólógbòó ìró tí wọ́n ní kó ró. "Bàbá," ló wí, "ìjọba á pàpà gbà á. Ẹ fi mí fún un báyìí tí kò tíì di nǹkan. Tó bá dé ọ́fíìsì tán, ẹ̀yin lẹ ó máa bẹ̀ ẹ́ kó wá fẹ́ mi."

Oníṣòwò ni Àlájì. Ó mọ ọjà tó yẹ kéèyàn rà kó tó wọ́n.

"Ó dáa," ló sọ fún mi. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá gbà ọ́, o kò mọ ṣọ́ọ̀bù mi rí. Ṣé o gbọ́?"

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ́ wa ní yunifásítì ni pé agbowó-orí kì í ní àna. Mo wo Ràdíátù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Mo ti gbọ́, Bàbá."