Kẹrosíìnì Ìfàkì

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 2001, Yétúndé ra kẹrosíìnì lẹ́bàá ọ̀nà ní Ìfàkì, ó gbé e délé wọn ní Ìkọ̀lé, ó sì rọ ọ́ sínú fíríìjì bàbá rẹ̀ tó ń fi iná kẹrosíìnì ṣiṣẹ́, láìdán an wò.

Ọláìtán bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé. Kò tíì gbé àdá sílẹ̀ tí òórùn kẹrosíìnì náà fi pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Iná ti ń jó lábẹ́ fíríìjì.

"Yétúndé! Ta ló tan iná yìí?"

"Èmi ni, Bàbá. Kẹrosíìnì tán lẹ́yìn tí ẹ jáde. Oògùn Màmá ti ń gbóná."

"Ṣé o kọ́kọ́ dán an wò lórí iyanrìn?"

Ọmọbìnrin náà wo kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì tó wà nílẹ̀.

Ọláìtán kì í rọ kẹrosíìnì láìjẹ́ pé ó da díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kó ṣáná sí i. Ojúlówó kì í tètè gbaná. Èyí tí wọ́n bá po bẹntiróòlù mọ́ ló ń bú mọ́ àwọn ènìyàn lójú lọ́dún náà. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó ro ìyókù rẹ̀ sórí iyanrìn, ó ju ìṣáná sí i. Iná ti fò sókè kí ìṣáná tó balẹ̀.

Ó yíjú sí Yétúndé.

"Lọ mú ìyá rẹ jáde. Má gba ilé ìdáná kọjá o!"

Òyìnbó oníwàásù kan ló fi fíríìjì náà sílẹ̀ ní Ìkọ̀lé láyé àtijọ́. Eku ló ń gbé inú rẹ̀ nígbà tí Ọláìtán rà á. Tíráńsífọ́mà àdúgbò ti jó nígbà náà, àbúrò Monísọ́lá ìyàwó rẹ̀ sì ti wá láti Adó pé òun yóò mú ẹ̀gbọ́n òun lọ síbi tí iná wà, nítorí abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóná. Ọláìtán bẹ̀ ẹ́. Ó dorí fíríìjì kodò fún ọjọ́ mélòó kan kí gáàsì tó há sínú rẹ̀ lè rìn, ó gé rọ́bà inú táyà sí etí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọjọ́ tí omi dì nínú rẹ̀ ni àbúrò ìyàwó rẹ̀ dá nìkan padà.

Monísọ́lá fara ti èjìká ọmọ rẹ̀ jáde.

"Bàbá Yétúndé, oògùn mi dà?"

"Ó wà nínú fíríìjì."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń nù ún bí ìyàwó tuntun, òní lẹ wá ń sá fún un?"

Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ọláìtán wọlé.

Ó rọra ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì, ó kó àwọn ìgò kéékèèké náà sápò. Ó wá bẹ̀rẹ̀. Bó bá lè fa táǹkì kẹrosíìnì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jáde, fíríìjì kò ní bàjẹ́. Ó fọwọ́ kàn án. Ó gbóná janjan, nǹkan sì ń hó nínú rẹ̀. Ó dìde, ó fi í sílẹ̀, ó sáré jáde bá wọn.

Wọn kò tíì dé abẹ́ máńgòrò tí táǹkì náà fi bú gbàù. Páànù òrùlé fò. Àwọn aládùúgbò ń da iyanrìn sí i, kò ràn án.

Nígbà tí iná kú, Monísọ́lá bu iyanrìn tútù sínú ìkòkò, ó ri àwọn ìgò náà mọ́ ọn.

"Èyí kò ní jẹ́ kó gbóná kí n tó dé Adó," ló wí.

"Màmá, ẹ má bínú sí mi," ni Yétúndé ń sọ.

"Mi ò bínú. Ulé mi ni mo fẹ́ wà. Bàbá ẹ mọ̀."

Ọláìtán bọ́ sójú títì. Ó bá a pe takisí tí yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀.

Ilé ìdáná jó. Fíríìjì jó. Monísọ́lá kò gbé Ìkọ̀lé mọ́.