Bọ́kẹ́ẹ̀tì Mọ́kànlá Níwájú Balùwẹ̀ Òfìfo

Lásúnkànmí ọmọ Ìwó kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ gbóná ju ẹ́ńjìnnì tírélà tó ń gun òkè lọ. Yàrá kan ṣoṣo ló háyà ní Lotto, ní Mówè, wáyà ló sì kún inú rẹ̀: wáyà lórí bẹ́ẹ̀dì, wáyà nínú ìkòkò ọbẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí eku bá ṣèèṣì wọ ibẹ̀, iná á gbé e, á sì máa tàn bí gílóòbù títí di ọjọ́ kejì.

Ní àkókò tí à ń wí yìí, ẹ̀rọ ìsàba ló ń ṣe. Àlájà Wúlẹ̀mọ̀tù tó ń sin adìyẹ ní Ìfọ̀ ní ẹgbẹ̀rún méjì ẹyin tó fẹ́ kó sínú rẹ̀, kí ẹ̀rọ náà máa sàba lé wọn lórí fún ọjọ́ mọ́kànlélógún dípò àgbébọ̀. Àlájà ò sì fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀.

"Kánmí, gbé ẹ̀rọ ẹ wá ní Jímọ̀. Tó bá ṣiṣẹ́ lójú mi títí di àárọ̀ Sátidé tí kò dákú, iṣẹ́ ẹyin mi di tìẹ. Tó bá dákú pẹ́nrẹ́n, ọkùnrin Owódé Ẹ̀gbá tóun náà ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí ni màá gbé e fún."

Ìdákú yìí gan-an ni wàhálà. Kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ náà kéré, kò ju páálí ìṣáná lọ, iṣẹ́ mẹ́ta ló sì gbọ́dọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: kó máa ṣọ́ ooru, kó máa yí ẹyin padà, kó sì máa wò ó bóyá iná ti lọ, kó lè yí sí bátìrì. Ṣùgbọ́n láíbìrì èdè C tó gba inú rẹ̀, ìyẹn àpótí irinṣẹ́ tí gbogbo ètò kọ̀ǹpútà ń tọwọ́ bọ̀ kí wọ́n tó lè ṣe ohunkóhun, ọwọ́ kan péré ló ní. Bó bá ń yí ẹyin, kò rí ooru. Kó tó gbójú sókè, ẹyin ti jinná, ó ku iyọ̀ àti ata gígún.

Ni Lásúnkànmí bá ní òun á fi ọwọ́ kún ọwọ́ fún láíbìrì náà. Tírẹ́ẹ̀dì ni àwọn oníkọ̀ǹpútà ń pe irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Oṣù méjì ló fi kọ ọ́ láti ìsàlẹ̀ pátápátá, níbi tí èdè C ti tán tí èdè ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó jìn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bó bá tún wa ilẹ̀ díẹ̀ sí i, Ṣáínà ni ì bá yọ sí. Ó fún tírẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan ní ibi tí á máa kó ẹrù rẹ̀ sí. Ó fún un ní ibi tí á máa kọ àṣìṣe tirẹ̀ sí, kí ti ọ̀kan má baà dàrú mọ́ ti èkejì. Ó wá ṣe àgádágodo, tí kì í jẹ́ kí tírẹ́ẹ̀dì méjì dáwọ́ lé nǹkan kan náà pọ̀: bí ọ̀kan bá ti tì í, èkejì á lọ sùn, bí ẹni tó tì í bá ṣí i, á jí ẹni tó ń sùn.

Ó dùn létí. Àmọ́ ẹ̀rọ náà á ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, á dákú. Wákàtí márùn-ún, á dákú. Lọ́jọ́ kan, ìṣẹ́jú kan péré ló lò, bí ẹni ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kò jó, kò rú èéfín. Àwọn tírẹ́ẹ̀dì á kàn sùn lọ fọnfọn bí ẹni tó jẹ iyán odó mẹ́ta. Lásúnkànmí ka kóòdù náà títí ojú rẹ̀ fi pọ́n ju epo lọ. Ọjọ́bọ̀ dé, kò tíì rí ibi tó ti ń jò. Jímọ̀ sì ku ọ̀la.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ náà, ó ní kí òun tiẹ̀ wẹ̀ ná. Yàrá méjìlá ló ń lo balùwẹ̀ kan ṣoṣo nínú ilé náà. Nítorí ìjà, Hàfísátù tó ń ta gáàsì ìdáná, obìnrin tí ohùn rẹ̀ lè wà ní Lotto kó dá tírélà dúró ní Asese, ti ṣòfin. Ẹni tó bá wà nínú balùwẹ̀ á fi táwẹ̀lì kọ́ orí ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá bá táwẹ̀lì níbẹ̀ á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kalẹ̀, á padà lọ sùn. Ẹni tó bá jáde ló máa kan ilẹ̀kùn ẹni tó ni bọ́kẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́.

Lásúnkànmí yọjú, ó rí táwẹ̀lì Ògúnlàdé, wẹ́dà inú ilé náà. Ó padà lọ wá bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láàárín wáyà, ó gbé e wá, ó gbé e kalẹ̀, ó lọ dùbúlẹ̀. Oorun gbé e lọ.

Ariwo ló jí i.

"Ta ló wà nínú balùwẹ̀ yìí tó ń wẹ gbogbo ìran ẹ̀?" Hàfísátù ló ń ké bẹ́ẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá ti tò níwájú ilẹ̀kùn, oníkálukú ń rí bọ́kẹ́ẹ̀tì iwájú, ó ń to tirẹ̀ tẹ̀lé e.

"Àbí ó ti kú síbẹ̀ ni?" Lateefah tíṣà ló béèrè, aago ilé ìwé ti lù tipẹ́.

Hàfísátù fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Aláǹgbá kan ṣoṣo ló wà nínú balùwẹ̀. Ó mi orí sí wọn.

"Bọ́kẹ́ẹ̀tì ta ló wà níwájú? KÁNMÍ!"

Ó pe orúkọ náà débi pé Kánmí mìíràn jẹ́ ẹ ní Ìbafọ̀. Lásúnkànmí sáré jáde, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó ń di aṣọ ìró rẹ̀ mú.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mò ń retí kí wọ́n wá kan ilẹ̀kùn mi ni."

"Kí ta ni wá kàn án? Aláǹgbá?"

Wọ́n pe Ògúnlàdé lórí fóònù, wọ́n gbé ohùn rẹ̀ síta. "Èmi? Mo ti dé ṣọ́ọ̀bù ní Ìbafọ̀! Nígbà tí mo jáde, mi ò rí bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni. Ta ni kí n wá jí?"

"Ṣùgbọ́n mo rí táwẹ̀lì yín, sà!"

"Ìgbà wo?"

"Kí n tó lọ gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì."

Hàfísátù pàtẹ́wọ́ pàà. "Ọ̀dẹ̀! O wo táwẹ̀lì, o lọ, o bọ̀, o ò tún un wò, o lọ sùn. Ọkùnrin ti jáde! Bó o bá ti ń gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀ ni kó o tún wo táwẹ̀lì. Bí kò bá sí mọ́, kó o wọlé! Ṣé ẹni tó ti lọ ló máa padà wá jí ẹ láti Ìbafọ̀?"

Ẹnu Lásúnkànmí ṣí sílẹ̀ gbayawu, eṣinṣin mẹ́rin ló wọ ibẹ̀ tí wọ́n tún jáde. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tún un sọ."

"Mo ní ọ̀dẹ̀ ni ẹ́."

"Èyí tó tẹ̀lé e!"

Kí Hàfísátù tó tún un sọ, Lásúnkànmí ti fo bọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́kànlá náà kọjá, ó ti wọ yàrá.

"Ó ti ya wèrè," ni Lateefah wí, ó sì gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ wọlé.

Ohun tó ń ṣe àwọn tírẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́. Ọ̀kan á rí àgádágodo ní títì, á yíjú láti lọ sùn. Láàárín ìgbà tó wò ó àti ìgbà tó sùn, èkejì á ti ṣí i, á rí i pé kò sẹ́ni tó ń sùn, kò ní jí ẹnikẹ́ni. Ẹni àkọ́kọ́ á wá sùn títí láé. Lásúnkànmí fi iṣẹ́ náà lé ọ̀gá inú kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, èyí tó ń pín àyè fún gbogbo ètò: kó tó tẹ́ tírẹ́ẹ̀dì kankan sùn, kó tún àgádágodo wò nígbà náà gan-an, bó bá ti ṣí, kí tírẹ́ẹ̀dì náà má sùn mọ́, kó padà lọ gbìyànjú. Ìlà mẹ́rin péré. Oṣù méjì ló fi sunkún nítorí ìlà mẹ́rin!

Ní Jímọ̀, ó gbé ẹ̀rọ náà dé Ìfọ̀. Àlájà gbé àga síwájú rẹ̀, ó mú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, kò ṣẹ́jú. Iná lọ, iná dé, iná tún lọ. Tírẹ́ẹ̀dì bátìrì dìde lọ́jọ́ náà ju ìgbà tí Lásúnkànmí mí lọ. Kódà nígbà ìrun Jímọ̀, bí Àlájà ti forí kanlẹ̀, etí rẹ̀ kan ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ.

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, Àlájà na etí sí ẹ̀rọ. Ó ń kùn wẹ́ẹ́ bí oyin.

"Ó ṣì wà láàyè," ó wí.

"Alihamudulilai, mà."

"Kí lo wá dúró ń wò? Gba kiréètì."

Lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlélógún, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan àti ẹgbẹ̀rin òròmọdìyẹ tó já síta, tí wọ́n ń ké tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn èrò ibùdókọ̀ ojú irin ní Ìfọ̀ fi gbé ẹrù sórí, wọ́n rò pé rélùwéè ló ń bọ̀. Òròmọdìyẹ wà lórí gèlè Àlájà, ó wà nínú àpò Lásúnkànmí, ọ̀kan tiẹ̀ jókòó lórí kọ̀ǹpútà bí onílé. Àlájà ẹni àádọ́rin ọdún di ọwọ́ Lásúnkànmí mú, wọ́n jó yí ẹ̀rọ ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Lásúnkànmí sì ń tẹ ẹsẹ̀ rọra kó má baà tẹ ọmọ adìyẹ pa.

"Kánmí," Àlájà wí nígbà tó rí èémí mí, "ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ẹyin mìíràn ń bẹ nínú yàrá. Ká ọwọ́ aṣọ ẹ sókè."