Ẹ̀rí Tí Ìyá Akínjídé Jẹ́ Sílẹ̀

"Mummy, ẹ má tíì sọ̀kalẹ̀. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan."

Ìyá Akínjídé ti ṣílẹ̀kùn mọ́tò. Iwájú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Conyers, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n gúnlẹ̀ sí, ọjọ́ ìdúpẹ́ sì ni. "Kí ni? Choir ti bẹ̀rẹ̀ o."

"Wọ́n ti release mi. Thursday ni coach pè mí sí office, ó ní kí n kó ẹrù mi."

Ìyá náà padà jókòó. Ọdún mẹ́jọ ni ọmọ rẹ̀ fi gbá bésíbọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ kéékèèké, tí bọ́ọ̀sì ń gbé e láti ìlú dé ìlú. Ẹ̀yìn pápá lọ́hùn-ún ló máa ń dúró sí, kó máa lé bọ́ọ̀lù tó bá fò kọjá orí àwọn yòókù. Ó mọ̀ ọ́n lé, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n bó bá kàn án láti fi igi gbá a, ọwọ́ rẹ̀ kì í yá tó. Ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹgbẹ́ ńlá ò pè é rí.

"Ẹ̀rí tí mo ti jẹ́ ńkọ́?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Láti oṣù kìn-ín-ní ni obìnrin yìí ti jẹ́rìí níwájú ìjọ pé ọmọ òun ti wọ ẹgbẹ́ ńlá, nígbà tí nǹkan kan ò tíì ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń fi ìgbàgbọ́ gba nǹkan níbẹ̀ nìyẹn: wọ́n á ti dúpẹ́ kó tó dé, kó lè dé. Ẹyin lohùn, ta ni yóò wá ṣà á?

"Ó ti rẹ̀ mí, Mummy. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn. Ẹ bá mi wá job ní hospital yín, any shift."

Ìyá rẹ̀ tún gèlè ṣe nínú dígí. "Jẹ́ ká lọ dúpẹ́."

Nígbà tí wọ́n jó dé iwájú, Pásítọ̀ Adédayọ̀ na máìkì sí Akínjídé. "Champion wa! Sọ ohun tí Ọlọ́run ṣe!"

Ó gba máìkì. "Wọ́n ti lé mi, sir. Mi ò gbá baseball mọ́. Ó ti parí."

Kíbọ́ọ̀dù dákẹ́. Pásítọ̀ gbá a lórí mú. "A kọ ìròyìn yẹn ní orúkọ Jésù!"

"Àmín!"

"Sir, òótọ́ ni mo ń sọ."

"Àmín!" ni gbogbo ìjọ tún ké. Ti ìyá rẹ̀ ló rinlẹ̀ jù. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, omijé ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Akin mi, ṣe àmín," ló ń bẹ̀ ẹ́. "Jọ̀ọ́."

Àánú ìyá rẹ̀ ṣe Akínjídé, inú sì ń bí i sí i. Ó dá máìkì padà fún pásítọ̀, ó ṣe àmín.