Ìyàwó Inú Fọ́tò

Lóru àná, mo lá àlá kan. Bó ṣe rí ni n ó ṣe sọ ọ́.

Ẹ mọ̀ pé Ìyá Fadérera, ìyàwó mi, kì í jẹun alẹ́ mọ́. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ nìkan ló ń mu. Ó fẹ́ kí ara òun padà sí bó ṣe wà nínú fọ́tò ìgbéyàwó wa. Nọ́ọ̀sì ti sọ pé ara rẹ̀ le, kó máa jẹun. Kò gbọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì, òòyì kọ́ ọ lẹ́bàá kànga. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn.

Nínú àlá náà, kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ ń léfòó lórí odò. Èmi àti ìyàwó mi wọlé. Fọ́tò náà ti wà níwájú adájọ́. Ọmọge inú rẹ̀ ti yọ ẹsẹ̀ méjèèjì jáde nínú férémù.

Ó ní, "Olúwa mi, èmi ni ìyàwó bàbá yìí. Ìyá tó sanra yìí ló gba ipò mi. Kó jáde nílé."

Adájọ́ wò mí. "Bàbá, èwo ni tiyín?"

"Ẹnì kan náà ni wọ́n."

"Òfin ò mọ ìyẹn. Ẹ gbé wọn lé ìwọ̀n."

Ìyá Fadérera gorí ìwọ̀n. Ìwọ̀n ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ẹsẹ̀ yín dúró dáadáa."

Ọmọge náà gorí rẹ̀. Ìwọ̀n ò mì rárá. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹnì kejì dà? Ẹ ní kó máa bọ̀."

"Mo ti wà lórí rẹ."

"N ò mọ̀."

Adájọ́ ní ẹni tó fúyẹ́ ló jàre. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn. Ó di òbúkọ. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹ fọ́tò náà láti igun kan.

Ìyá Fadérera bọ́ sálúbàtà, ó fi lé e. Òbúkọ ní, "A sún ẹjọ́ síwájú," ó bẹ́ sódò.

Ìyàwó mi yíjú sí ọmọge náà. "Kí ló ń mú ọ gbọ̀n báyìí?"

"Ebi ni, mà. Ẹ ò rántí? A ò jẹun láti àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, kí bùbá má baà fún mọ́ wa lára. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ya wá ní fọ́tò. Ẹ̀yin lọ jẹun lẹ́yìn náà. Èmi ò rí ibi lọ."

Kọ́ọ̀tù ti di ilé ìdáná wa. Àsáró wà lórí iná. Ìyá Fadérera bù ú fún un. Ọmọge náà ò fọwọ́ kàn án.

"Ẹ̀yin ńkọ́, mà?"

"Mò ń ṣọ́ ara mi ni."

"N ò lè máa jẹun kí ẹ máa wò mí lẹ́nu."

Ìyàwó mi mú ṣíbí. Kó tó gbé e dé ẹnu, mo jí.

Ilẹ̀ ti mọ́. Ìyàwó mi gbé orí lé apá mi, apá náà ti kú. Ikùn rẹ̀ ń kùn lójú oorun. Mo rọra fa apá yọ. Mo lọ bẹ iṣu, mo din ẹyin.

Ó bá mi níbẹ̀. "Bàbá Fadérera, kí lẹ ń wá nídìí iná?"

"Ebi ń pa mí. N ò fẹ́ dá jẹun."

Ó fa àpótí. Ó jókòó.

Ó ní iyọ̀ ẹyin náà pọ̀ jù. Ẹnu rẹ̀ kún nígbà tó ń sọ ọ́.