Ẹ̀jẹ̀ Inú Ìwọ́

Obìnrin mẹ́tàlélógójì ni Dókítà Ṣèyí ti bẹ̀ ní Mákùn-Omi. Kì í ṣe ibi ọmọ wọn ló ń tọrọ. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ́kù sínú ìwọ́ ló ń fẹ́, nítorí inú rẹ̀ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ wà, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ tuntun ti ń hù jáde. "Ẹ máa gba ibi yín padà, ẹ ó sì sin ín bí ẹ ṣe ń sin ín," ló máa ń sọ fún wọn. Ẹ̀jẹ̀ náà ló fi ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè.

Níbi tó ti ń wá ìwòsàn fún ọmọ ọlọ́mọ, jẹjẹrẹ náà wọlé tọ ọmọ tirẹ̀, Tamílọ́rẹ, ọmọ ọdún mẹ́fà. Nínú gbogbo ẹ̀jẹ̀ mẹ́tàlélógójì tó kó sínú fìríìsà, kò sí ẹyọ kan tó bá ti ọmọ náà mu. Ayé yìí mọ èèyàn í fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Oyún ló wá dé. Àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú bá ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mu rẹ́gí. Àwọn dókítà ní Ìbàdàn ní kó wá bí i sọ́dọ̀ àwọn, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ náà kó tó dì. Wọ́n ní bí àwọn bá ní kí ọmọ náà dàgbà díẹ̀ kí àwọn tó gba mùdùnmúdùn eegun rẹ̀, Tamílọ́rẹ kò ní lè dúró dè é.

Nínú ẹbí, Ṣèyí àti Gbénró ọkọ rẹ̀ nìkan ló mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá Gbénró, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ní Òkè-Àgbò, tó tún jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé ẹ̀jẹ̀ Tamílọ́rẹ kò tó. "Bí Màmá bá gbọ́, gbogbo ìjọ ló gbọ́ yẹn," ni Gbénró wí. Ṣèyí gbà, nítorí ojú ń tì í. Onímọ̀ jẹjẹrẹ tí jẹjẹrẹ wà nílé rẹ̀! Ìgbéraga ni, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó bímọ nígbà tó gbé Tamílọ́rẹ wá kí ìyá àgbà láàárọ̀ Sátidé kan. Gbénró wà ní Àbújá. Bí Ṣèyí ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ni omirá ya. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìgbẹ̀bí tó wà lẹ́yìnkùlé Màmá gan-an.

"Àpò!" ló ń pariwo. "Ẹ bá mi mú àpò inú búùtù!"

Àpò tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ló ń wí. Màmá rò pé aṣọ ọmọ ni. "Aṣọ ń bẹ nílé, ìyàwó mi, rọra." Kí Ṣèyí tó lè ṣàlàyé, ìrọbí gbé ọ̀rọ̀ mì. Ọmọ jáde, ẹ̀jẹ̀ dà bí omi, Ṣèyí kò sì mọ ibi tó wà mọ́.

Ọ̀sán ti pọ́n kó tó lajú. Màmá jókòó tì í, ó gbé ọmọkùnrin náà dání.

"O kú ewu, ìyàwó mi."

"Ibi ọmọ ńkọ́, Màmá?"

"Má ṣèyọnu. Nọ́ọ̀sì Rachel gbé e fún mi nínú ọ̀rá dúdú. Mo fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, mo sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá rẹ̀. Mo gbẹ́ ilẹ̀ náà jìn, ajá kankan ò lè hú u."

Inú rẹ̀ ń dùn. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tí wọn ò jẹ́ kó mọ̀ pé ọjà wà, kí ni kó ṣe?

Ṣèyí bú sẹ́kún. Inú ẹkún ló ti sọ gbogbo rẹ̀: jẹjẹrẹ ni, ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ yẹn sì ni wọ́n fẹ́ fi wo Tamílọ́rẹ.

"Yèsí?" ni Màmá fi Ìjẹ̀bú béèrè. "Yèsí ló ní kẹ́ ẹ fi pamọ́ fún mi? Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì? Ká ní ẹ sọ fún mi ni, èmi gan-an ni ǹ bá di ìwọ́ náà mú fún wọn!"

Màmá gbé ọmọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì sáré jáde.

Láti ojú fèrèsé, Ṣèyí rí i tó ń fi ọkọ́ gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Nígbà tó yá, ó ju ọkọ́ nù, ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wa iyẹ̀pẹ̀. Tamílọ́rẹ dúró tì í, ó ń bi í pé kí ló ń wá.

Ṣèyí mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ náà ti dì láti àárọ̀. Ó yẹ kó pe Màmá pé kó fi í sílẹ̀. Kò pè é. Ó ń fẹ́ kó máa gbẹ́ ẹ lọ, nítorí bí Màmá bá dìde níbẹ̀, a jẹ́ pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè ṣe fún Tamílọ́rẹ mọ́.