A Kì Í Ṣí Bọ́nẹ́ẹ̀tì Ní Gbangba

Bùsọ́lá, ìyá Bámikẹ́, kò fi mọ́tò rẹ̀ tan ẹnikẹ́ni jẹ, àfi ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n tan òun jẹ. Mọ́tò náà pọ́n bí ìyeyè, ó pẹlẹbẹ, ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí sókè dípò kó ṣí sẹ́gbẹ̀ẹ́, bó bá sì ti ń kọjá ní Iba báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti yọ fóònù síta. Wọ́n rò pé mọ́tò eré-ìje àwọn ará Ítálì ni. Irọ́ ni. Rẹ́pílíkà ni. Mọ́tò kékeré kan, irú èyí tí tíṣà ń gbé lọ síléèwé, ló wà lábẹ́ gbogbo ẹwà yẹn. Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti bọ́ awọ ara rẹ̀ dànù, wọ́n fi awọ olówó bò ó, wọ́n sì gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó.

Yésúfù ọkọ rẹ̀ ló rà á. Ọmọ bíbí Iba ni ọkùnrin náà, ó ti kọ́lé fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ gbé títí ẹ̀yìn fi ń dùn ún, ó ní òun náà fẹ́ ṣeré díẹ̀ kí òun tó darúgbó. Kò darúgbó. Nígbà tó kú, àwọn mọ̀lẹ́bí ní kí Bùsọ́lá ta mọ́tò yẹyẹ́ náà, ṣùgbọ́n kó tó dá wọn lóhùn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Yésúfù, àwọn ọkùnrin tó ń gun irú rẹ̀, ti to mọ́tò wọn wọ àdúgbò, wọ́n wá kí i. Wọn ò sì kí i lásán. Wọ́n tún jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ṣe, wọ́n bá a lé ayálégbé kan tó fẹ́ sọ ọ́ di ọ̀lẹ, wọ́n jókòó tì í nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú títí ó fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó bọ́ sáàyè ọkọ rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, wọ́n ń pè é ní Màmá Ẹgbẹ́. Òun nìkan ni obìnrin láàrin wọn. Bámikẹ́ wà lókè òkun, ilé dákẹ́ rọ́rọ́, àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ló kù tí Bùsọ́lá ní.

Òfin ẹgbẹ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí wọ́n fi ọwọ́ pàtàkì mú: a kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ní gbangba. Ẹni tó bá ṣí i, ẹ́ńjìnnì tíṣà ni aráyé máa rí, gbogbo iyì á sì wọlẹ̀. Nítorí náà, bí mọ́tò ẹnìkan bá kú lójú títì, gbogbo wọn ni yóò dúró. Wọn á to mọ́tò wọn yí i ká, wọn á bọ́ sílẹ̀, wọn á fèjìká kan èjìká, wọn á na apá agbádá títí mẹkáníìkì á fi ṣe tán. Bíbò ni wọ́n ń pè é. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Bùsọ́lá rí i, omi lé sí i lójú. Ó rò pé kí àwọn ọkùnrin ńlá sọ ara wọn di ògiri nítorí ẹnìkan, ìfẹ́ ni.

Ohun kan wà tó fojú fò. Ẹgbẹ́ náà pín sí méjì. Àwọn tí mọ́tò wọn ti òkè òkun wá ni Tòkunbọ̀, àwọn tí wọ́n sì fi fáíbà mọ tiwọn níbí, ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe ní Igbó-Elérin, Pútì ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí pútì tí wọ́n fi ń dí ihò ara mọ́tò kí wọ́n tó kùn ún. Tòkunbọ̀ a máa síwájú, Pútì a máa tẹ̀ lé wọn. Ní ìpàdé, Tòkunbọ̀ á jókòó sórí àga onítìmùtìmù, Pútì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mọ́tò tíṣà kan náà ni gbogbo wọn gùn wá. Irọ́ tó wọkọ̀ ojú omi ń fojú tín-ínrín irọ́ tí wọ́n pa sílé. Ẹ sọ fún mi, kí ni ẹ̀dá èèyàn ò ní fi ṣe fáàrí? Bùsọ́lá rí gbogbo rẹ̀, ó kà á sí àwàdà ọkùnrin. Nígbà mìíràn, ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Sherif ni Pútì tí gbogbo wọn fẹ́ràn jù, ìyẹn bí a bá lè pè é ní fífẹ́ràn. Ó ń ta ẹ̀yà ara tẹlifíṣọ̀n ní Àlàbá, díẹ̀díẹ̀ ló sì fi kó mọ́tò pupa tirẹ̀ jọ, lónìí ilẹ̀kùn, lọ́la iná iwájú. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹgbẹ́, òun ló máa kọ́kọ́ dé. Sátidé tí à ń wí yìí ni ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Wọ́n ti so yìgì láàárọ̀ nílé àwọn òbí ìyàwó ní Igbó-Elérin, ó kù kí ẹgbẹ́ sìn wọ́n lọ sí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti fẹ́ jẹun ní Iba.

Ṣọlágbadé, alága ẹgbẹ́, ló ń to mọ́tò. Ará Ìjẹ̀bú ni, ó ń kó fíríìjì wọlé láti òkè òkun, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé ibi kí òun tó débẹ̀. Ó fi tirẹ̀ síwájú, ó fi ti Adébísí, Tòkunbọ̀ bíi tirẹ̀, tẹ̀ lé e, ó ní kí Màmá Ẹgbẹ́ ṣe ìkẹta. Ó tò wọ́n títí, ó wá nawọ́ sí ẹ̀yìn pátápátá, ó ní ibẹ̀ ni kí Sherif àti ìyàwó rẹ̀ dúró.

Bùsọ́lá sọ̀kalẹ̀. Ó ní ṣé ọkọ ìyàwó ni wọ́n fẹ́ kó máa gba eruku lẹ́yìn níbi ìgbéyàwó ara rẹ̀ ni.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣe é bó ṣe yẹ,” ni Ṣọlágbadé wí. “Àwọn èèyàn máa ya fídíò. Mọ́tò tó bá wà níwájú ni wọ́n máa fi mọ irú ẹni tá a jẹ́.”

Sherif ti ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ náà tó tán, ó ní kò sí wàhálà, ibi tí Ṣíámáànù bá fi òun sí náà ni òun wà. Mùsítúrà ìyàwó rẹ̀ wà nínú mọ́tò nínú aṣọ funfun. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó wá tẹjú mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀ tí wọ́n fi làálì sí. Àwọn ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bùsọ́lá rí gbogbo wọn. Ó mọ̀ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Síbẹ̀, ó padà wọ mọ́tò rẹ̀, ó sì ṣe ìkẹta.

Wọn ò tíì rìn jìnnà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já sí òpópó Badagry ní Okokomaiko ni Bùsọ́lá rí i nínú dígí pé mọ́tò pupa náà ti yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti dúró. Ó rò pé wọ́n máa dúró. Ó ti ń wá ibi tí yóò yà sí kó lè rayè yí i ká.

Lórí fóònù tí gbogbo wọn máa ń ṣí sílẹ̀ sí ara wọn bí wọ́n bá ń tò lọ, Adébísí ní ó jọ pé ti Sherif ti kú, ó bi Ṣíámáànù bóyá kí wọ́n yà síbẹ̀ fún bíbò.

“Bíbò wo?” ni Ṣọlágbadé dáhùn, ẹ̀rín wà lóhùn rẹ̀. “Kí la fẹ́ bò lára pútì? Ìhòòhò tiẹ̀ kì í ṣe ìhòòhò tiwa. Ẹ máa bọ̀ jàre, oúnjẹ ń tutù.”

Adébísí ní ó dáa. Bùsọ́lá ń wo inú dígí. Àwọn tó wà lẹ́yìn, àwọn Pútì bíi ti Sherif, tí wọ́n jọ ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi mọ́tò pupa náà sílẹ̀ lẹ́yìn bí ẹni tó ti kọjá kòtò, wọ́n ń bọ̀. Ìyẹn gan-an ló rí i lára jù. Ti Ṣọlágbadé, agbéraga ni, a ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, tó tún ń bá wọn tẹ ẹnìkejì rẹ̀ nítorí kí wọ́n lè fà á súnmọ́ iwájú díẹ̀, kí ni èèyàn fẹ́ pe ìyẹn? Ó pa fóònù. Níbi tí ọ̀nà ti là, ó yí mọ́tò padà.

Nígbà tó fi débẹ̀, èrò ti pé. Bọ́nẹ́ẹ̀tì Sherif wà ní pípadé. Ó jókòó sínú ooru, Mùsítúrà ń fi gèlè fẹ́ ara rẹ̀, àtíkè rẹ̀ ti ń ṣàn. Ọkùnrin oníṣẹ́ iná mọ́tò kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá ọ̀nà ti kan fèrèsé wọn títí, ó fẹ́ bá wọn wò ó, Sherif ń juwọ́ sí i pé kó má ṣèyọnu.

Bí Sherif ṣe rí Bùsọ́lá, ojú rẹ̀ tú ká. Ó sọ gíláàsì fèrèsé kalẹ̀, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní bátìrì ni, kò níná mọ́. Ó ń wo ẹ̀yìn Bùsọ́lá bóyá àwọn yòókù ń bọ̀.

“Ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì,” ni Bùsọ́lá wí.

“Kí àwọn yòókù kọ́kọ́ dé, Màmá. A kì í ṣí i ní gbangba.” Ó sọ ọ́ bí ẹni ń ka àdúrà tó ti mọ́ ọn lára. “Nígbà tí mọ́tò Ẹ̀gbọ́n Adébísí kú ní Ìyànà-Iba nínú òjò, èmi ni mo bọ́ bùbá mi bò ó. Wọn ò ní ṣàì wá.”

Bùsọ́lá ò mọ ibi tí yóò gbé ojú sí. Kò sí ẹni tó pa òfin ẹgbẹ́ mọ́ tó ọmọ yìí, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n sì fi í sí. Ó rántí iye ìgbà tí òun ti fi “pútì” rẹ́rìn-ín. Ó kórìíra gbogbo wọn, ó sì ka ara rẹ̀ mọ́ wọn.

“Wọn ò bọ̀, Sherif,” ló wí. “Ṣíámáànù ló ní kí wọ́n má bọ̀.”

Sherif ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e lé itan, ó ń tẹ etí fìlà náà wò. Kò ya Mùsítúrà lẹ́nu rárá, ó kàn gbọ́wọ́ lé ẹ̀yìn ọkọ rẹ̀.

Bùsọ́lá lọ gbé mọ́tò rẹ̀ wá, ó fi imú rẹ̀ kan imú mọ́tò Sherif. Èrò pariwo nígbà tí wọ́n rí mọ́tò ìyeyè náà, fóònù ti gbogbo wọn lókè. Ó dúró síwájú rẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Yésúfù ò ṣí i rí àyàfi bí géètì bá tì. Ó ro ilé tó dákẹ́, ó ro ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó ro ẹni tí yóò máa pè é ní Màmá bó bá ṣe ohun tó fẹ́ ṣe yìí. Ó wá ṣí i.

Èrò rọ́ wá. Ẹnìkan ní ẹ́ńjìnnì mọ́tò tíṣà rèé, ẹ̀rín sọ.

“Òun náà ni,” ni Bùsọ́lá wí. “Òkè lẹ ń wò tẹ́lẹ̀, ẹ wá wo ìsàlẹ̀. Bàbá oníná, ẹ bá wa mú wáyà wá.”

Sherif bọ́ sílẹ̀, ó ṣí tirẹ̀ náà. Oníná fi wáyà so bátìrì méjèèjì pọ̀, mọ́tò pupa wú ikọ́ díẹ̀, ó dìde. Ẹ̀rín àwọn èèyàn ò pẹ́ púpọ̀. Wọ́n ti rí ohun tó wà níbẹ̀, kò sí òmíràn láti rí, wọ́n ń bọ̀ wá kí ìyàwó. Bùsọ́lá ní kí Sherif máa lọ níwájú, òun ń tẹ̀ lé e.

Ní Iba, mọ́tò méje ti dí iwájú gbọ̀ngàn pa. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń ya fọ́tò níwájú wọn, àwọn kan ti ń jẹun. Ṣọlágbadé pàdé Sherif tẹ̀rín-tọ̀yàyà, ó gbá a lẹ́yìn, ó pè é ní ọkọ ìyàwó, ó ní àyè ti kún níwájú, kó lọ gbé mọ́tò tirẹ̀ sẹ́yìn lọ́dọ̀ táńkì omi. Òróró ẹran ìgbéyàwó náà ṣì ń dán lètè rẹ̀. Bùsọ́lá rí ètè yẹn, ó padà sínú mọ́tò rẹ̀.

Ó wa mọ́tò tirẹ̀ sáàrin ibi tí àwọn àlejò ń gbà wọlé. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fa bọ́nẹ́ẹ̀tì sókè, ó fi irin tì í.

Wọn ò tiẹ̀ rò ó. Àwo oúnjẹ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tòkunbọ̀ sáré, Pútì sáré, kí ojú tó ṣẹ́, ọkùnrin méje ti fèjìká kan èjìká yí mọ́tò náà ká, agbádá ti nà bí aṣọ tí wọ́n sá. Ṣọlágbadé ló wà níwájú, ó ń sọ fún àwọn àlejò pé kò sí nǹkan kan, kí wọ́n máa wọlé.

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá,” ló sọ fún Bùsọ́lá kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àánú wà lójú rẹ̀ ní tòótọ́. “A ti bò yín. Kí ló ṣe é?”

Bùsọ́lá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mọ eré sá.

“Kò sí nǹkan tó ṣe é,” ló wí. “Mo ní kí n mọ̀ bóyá ẹ ṣì ní ẹsẹ̀ ni.”

Ó gba àárín agbádá méjì kọjá, ó fi kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì. Ó lọ bá Mùsítúrà ní ẹ̀gbẹ́ mọ́tò pupa, ó dì í lọ́wọ́ mú, Sherif tẹ̀ lé wọn, wọ́n jọ wọlé. Àwọn ọkùnrin náà ṣì wà níta nínú oòrùn, apá ń ro wọ́n, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ tirẹ̀ kalẹ̀.